Ọmọ Bọ́ǹbù: Ohun Tí Ojú Lè Rí Kí Ọwọ́ Tó Débẹ̀

Kò sí ogun kan tó da bọ́ǹbù ọlọ́mọ sílẹ̀ ní Bantè tàbí Savalou rí. Ẹni tó ń kọ ebè ní Pira, ẹni tó ń ṣa kaṣú lábẹ́ igi ní Gouka, kò nídìí láti máa fura sí ilẹ̀ tó ń tẹ̀. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà gbé àhesọ láti ìdí ọ̀rọ̀ mi lọ sí ọjà. Ṣùgbọ́n títì tó ti Dassa wá, tó la Savalou àti Bantè já lọ sí Djougou àti Natitingou, iṣu àti kaṣú nìkan kọ́ ló ń gbà á. Irin àlòkù ń gbà á. Àwọn ọmọ wa tó wọṣẹ́ ológun ń gbà á lọ sí àríwá, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ogun ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ní Mali lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kí ikọ̀ náà tó kógbá wọlé ní ọdún 2023. Ní oṣù kejì ọdún 2022, bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́jú ọ̀nà nínú ọgbà ẹranko W pa àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó. Àtọwọ́dá ni bọ́ǹbù yẹn, kì í ṣe irú èyí tí mo fẹ́ sọ, àmọ́ láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ohun abúgbàmù ti kúrò ní ìròyìn òkèèrè létí wa.

Èyí tí mo fẹ́ sọ ni ọmọ bọ́ǹbù. Ìyá rẹ̀, bọ́ǹbù ọlọ́mọ, jẹ́ àgbá irin tí wọ́n kó bọ́ǹbù kéékèèké sí nínú. Bàálù lè jù ú sílẹ̀, wọ́n lè yìn ín láti ẹnu ìbọn ńlá, rọ́kẹ́ẹ̀tì sì lè gbé e. Kì í délẹ̀ kó tó là. Ojú òfurufú ló ti ń ṣí, tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ á fọ́n ká sórí ilẹ̀ tó lè fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù mélòó kan. BL755 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń gbé ọmọ 147. Beluga ti ilẹ̀ Faransé ń gbé 151. CBU-87 ti Amẹ́ríkà ń gbé 202. Rọ́kẹ́ẹ̀tì M26 kan ṣoṣo ń gbé 644, ọkọ̀ tó ń yìn ín sì lè yin méjìlá tẹ̀ léra wọn kí ẹni tó ń sá tó dé ẹ̀yìn ògiri: ọmọ 7,728 nìyẹn.

Bí gbogbo wọn bá bú lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn ì bá parí sójú ogun. Wọn kì í bú tán. Fíúsì wọn, ohun tó ń mú wọn bú, kéré, olówó pọ́ọ́kú ni, ohun tó sì gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí ó tó bú pọ̀. Ó ní láti yí lójú afẹ́fẹ́ dé ìwọ̀n kan, tàbí kí ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ nà dáadáa, lẹ́yìn náà kí ó fi ìhà tó yẹ lu nǹkan tó le. Tí ó bá bọ́ sínú ẹrẹ̀, tí koríko gígùn gbà á, tí ewé igi há a, tàbí tí wọ́n jù ú láti ibi tí kò ga tó, ó lè dákẹ́. Ẹ ronú ebè iṣu tí ọkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jọ lẹ́yìn òjò: ilẹ̀ rírọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọ bọ́ǹbù máa ń wọ̀ sí láì bú. Ó dákẹ́, àmọ́ kò kú. Fíúsì rẹ̀ ti lè ṣí tán lójú afẹ́fẹ́, tó jẹ́ pé kí ọkọ́ gbún un, kí ọmọdé gbé e jù, kí iná ọ̀gbẹlẹ̀ jó o, ló kù. Ní Laos, láàárín ọdún 1964 sí 1973, èyí tí Amẹ́ríkà dà sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 270. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó tó mílíọ̀nù 80 tí kò bú. Àwọn tí a kò tíì bí nígbà ogun yẹn ló ń kú sí i lóko títí di òní.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ọ̀pọ̀ ìwé ìkìlọ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀, ibẹ̀ ni mo sì rò pé wọ́n ti ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Àwọn tó fi títú bọ́ǹbù ṣe oúnjẹ òòjọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wò ni ọgbọ́n tí ẹni tó ṣe é dá kí ó lè délẹ̀ bó ṣe fẹ́. Bọ́ǹbù kékeré tó ti ojú ọ̀run já bọ́ gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń tọ́ ọ: ó lè máa yí, ó lè ní ìrù, ó lè ní aṣọ tàbí ríbọ́ọ̀nù tó ń fà á sẹ́yìn. Ohun atọ́ni yìí ni ojú ń rí láti òkèèrè, òun náà ló sì ń pín wọn sí ẹbí ẹbí.

Ẹ jẹ́ ká mú àwọn róbótó ṣáájú. BLU-26, tí ojú àwọn ará Laos rí jù, kò ju bọ́ọ̀lù tẹníìsì lọ. Irin ni awọ rẹ̀, wọ́n sì rọ ọta kéékèèké ọgọ́rọ̀ọ̀rún mọ́ inú awọ náà. Lára rẹ̀ níta, ilà gbọọrọ mélòó kan yọ sókè. Àwọn ilà wọ̀nyí ni afẹ́fẹ́ ń dì mú tí ó fi ń pòòyì bí ó ti ń bọ̀, pípòòyì náà ló sì ń ṣí fíúsì inú rẹ̀. Àwọn ará Soviet rí i, wọ́n ṣe tiwọn jáde, ShOAB-0.5, tó jọ ọ́ bí ìbejì. BLU-63 náà wà nínú ẹbí yìí. Ó wà lára àwọn ohun tí wọ́n ń rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà, níbi tí ọmọ ogun Mòrókò ti lo bọ́ǹbù ọlọ́mọ láàárín ọdún 1975 sí 1988, wọ́n sì ti rí i ní àríwá Mauritania pẹ̀lú. Ìṣòro àwọn róbótó ni pé wọn kò ní ìrù, wọn kò ní ríbọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn òjò ọdún díẹ̀, kùn wọn á ṣí, wọ́n á dógùn-ún, àwọ̀ wọn á sì bá ti yangí mu. Ilà ara wọn nìkan ló máa ń sọ pé ènìyàn ló ṣe wọ́n, ilà yẹn náà kì í sì í hàn àfi téèyàn bá ti sún mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹbí kejì ni mo fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí òun ló kún ayé jù. Orúkọ wọn ni M42, M46 àti M77, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì ti ṣe irú wọn lóríṣiríṣi. Kọ́ọ̀pù irin kékeré ni, kò ga ju ìka àárín lọ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sanra ju bátìrì ńlá tí a ń kì bọ tọ́ọ̀ṣì. Ìdí rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Nínú ìdí náà ni wọ́n de bàbà fẹ́lẹ́ sí bí àrọ tí a fi ń da epo. Tí ó bá bú, bàbà yẹn á yọ gbọọrọ bí ọ̀kọ̀, á gún irin ọkọ̀ ogun, ara kọ́ọ̀pù náà á sì fọ́ sí wẹ́wẹ́ láti pa àwọn tó dúró nítòsí. Nǹkan kan ṣoṣo, iṣẹ́ méjì. Lórí rẹ̀ ni ríbọ́ọ̀nù wà, aṣọ pẹlẹbẹ tí kò gùn. Bí ó bá ń bọ̀, ríbọ́ọ̀nù á nà sókè, á jẹ́ kí ìdí rẹ̀ máa wo ilẹ̀, á sì máa tú ìdè fíúsì díẹ̀díẹ̀.

Ríbọ́ọ̀nù yìí kan náà ló ń há sórí ẹ̀ka. Ní gúúsù Lebanon ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, Ísírẹ́lì da èyí tó pọ̀ jù nínú bọ́ǹbù ọlọ́mọ rẹ̀ sílẹ̀ ní wákàtí 72 tó kẹ́yìn ogun náà; Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò pé ọmọ bọ́ǹbù tí wọ́n dà lè tó mílíọ̀nù mẹ́rin. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ padà sílé, wọ́n bá wọn lórí igi olífì, nínú oko ọsàn, lórí òrùlé, tí wọ́n ń fì. Ọmọdé wo ló máa rí ríbọ́ọ̀nù tó ń fì lórí ẹ̀ka tí kò ní fẹ́ fà á? Ẹni tó dá ọgbọ́n rẹ̀ kò ní ọmọdé lọ́kàn rárá, mo gbà. Àmọ́ ohun tó fi mú kí bọ́ǹbù náà délẹ̀ gúnlẹ̀ ló tún mú kí ó wu ọwọ́.

Ọ̀kan nínú ẹbí kejì yìí, M85 tí Ísírẹ́lì ṣe, ló sọ ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe bọ́ǹbù di ọ̀rọ̀ òfin. Wọ́n fi ẹ̀rọ kan kún un tó yẹ kí ó pa ara rẹ̀ run bí ó bá dákẹ́. Àwọn tó ń tà á sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún, bóyá ni ọ̀kan máa kù sílẹ̀. Ní ọdún 2007, Colin King, àgbà nínú ìmọ̀ títú bọ́ǹbù láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àwọn ọmọ Norway, lọ ka èyí tó ṣẹ́ kù ní pápá Lebanon, wọ́n sì rí i pé nǹkan bíi mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni kò bú. Lábẹ́ ìdánwò, lórí ilẹ̀ tó le, tó sì tẹ́jú, ọ̀rọ̀ àwọn olùtajà lè jẹ́ òótọ́. Ilẹ̀ oko kì í ṣe pápá ìdánwò. Ìròyìn yẹn wà lára ohun tó fún àwọn tó ń jà fún ìfòfindè lẹ́nu ọ̀rọ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò sórí àdéhùn tó fòfin de bọ́ǹbù ọlọ́mọ ní Dublin ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2008, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí i ní Oslo ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún kan náà. Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kìíní yẹn, ó sì fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ní oṣù keje ọdún 2017. Togo ti ṣáájú wa ní 2012. Lomé ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti pàdé ní oṣù karùn-ún ọdún 2013 láti rọ àwọn tó kù kí wọ́n wọlé. Nàìjíríà dé ní oṣù kejì ọdún 2023.

Òfin yẹn náà ń wo bí wọ́n ṣe ṣe bọ́ǹbù kó tó dájọ́. Kì í ṣe gbogbo bọ́ǹbù tó bá lọ́mọ ló fòfin dè. SMArt 155 ti Jámánì ń gbé ọmọ méjì péré, ìkọ̀ọ̀kan wọn ń fi ẹ̀rọ wá ọkọ̀ ogun kan ṣoṣo, ó sì ní ẹ̀rọ iná mànàmáná tó ń pa á kú bí kò bá rí nǹkan kan. Kò sí lábẹ́ ìfòfindè. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé òun rí bọ́ǹbù ọlọ́mọ níbi kan gbọ́dọ̀ lè sọ irú èyí tó jẹ́, torí orílẹ̀-èdè kan lè di arúfin lórí ìdáhùn rẹ̀.

Àwọn tó rí bí agolo ni ẹbí kẹta. BLU-97 ti Amẹ́ríkà ga tó sẹ̀ntímítà 17, ó ṣe gbọọrọ bí agolo ohun mímu, kùn yẹ́lò ló sì wà lára rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Aṣọ kan máa ń wú jáde lórí rẹ̀ lójú òfurufú láti dín eré rẹ̀ kù. Tó bá délẹ̀ láì bú, aṣọ yẹn á rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní Afghanistan ní oṣù kẹwàá ọdún 2001, bàálù Amẹ́ríkà ń da BLU-97 sílẹ̀, àwọn bàálù Amẹ́ríkà mìíràn sì ń ju oúnjẹ fún àwọn aráàlú nínú ọ̀rá yẹ́lò. Wọ́n ní láti gba orí rédíò kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣi bọ́ǹbù mú fún oúnjẹ, wọ́n sì kéde lẹ́yìn náà pé àwọn máa yí àwọ̀ ọ̀rá oúnjẹ náà padà sí búlúù.

Mo ní kí a má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀, Afghanistan sì ni ẹ̀rí tó le jù. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, yẹ́lò túmọ̀ sí pé nǹkan abúgbàmù wà nínú rẹ̀, búlúù sì wà fún ti ìdánrawò. Àwọn mìíràn kì í tẹ̀ lé e. Ti Soviet lè jẹ́ eérú tàbí àwọ̀ irin lásán, kùn náà sì ń ṣí nínú oòrùn. Àwọ̀ wúlò fún ẹni tó ti mọ ẹbí nǹkan náà tẹ́lẹ̀. Kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ fi mọ̀ bóyá kò léwu.

Àwọn onírù pọ̀ jọjọ, mi ò ní kà wọ́n tán. MK118, tí 247 rẹ̀ ń bẹ nínú bọ́ǹbù Rockeye, gùn, ó ṣẹ́nu ṣóńṣó, ìyẹ́ ìdí rẹ̀ sì jẹ́ ti ọ̀rá líle. Wọ́n ti rí i ní Mauritania náà. AO-1SCh ti Soviet sanra níwájú, ó tín-ín-rín lẹ́yìn, ó sì ní ìyẹ́ ní ìdí. PTAB wà fún ọkọ̀ ogun. Ogbó gan-an nínú gbogbo wọn ni SD-2 ti Jámánì, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ní labalábá nítorí awọ rẹ̀ tó máa ń là bí ìyẹ́ bí ó ti ń bọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 13 mọ́jú ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1943, Jámánì dà á sórí ìlú Grimsby àti Cleethorpes. Wọ́n ṣe fíúsì àwọn kan nínú wọn kí ó lè bú bí ẹnikẹ́ni bá gbé e. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí àwọn ìwé ìròyìn sọ ìjàǹbá tó ṣe, kí Jámánì má baà mọ̀ pé ohun ìjà náà ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n ń kọ sí wọn lára náà ní ìtumọ̀. Bí ẹ bá rí BLU, ti Amẹ́ríkà ni, ọmọ sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. CBU ni ìyá. Lọ́dọ̀ àwọn ará Soviet, AO wà fún èyí tó ń fọ́ sí àfọ́kù láti pa ènìyàn, PTAB fún èyí tó ń lu ọkọ̀ ogun, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ ìwọ̀n rẹ̀ ní kílò: AO-1SCh wọn nǹkan bíi kílò kan, ShOAB-0.5 wọn ìdajì. Ẹni tó bá mọ èyí kò nílò láti gbé nǹkan náà sórí ìwọ̀n.

Àwọn ìbejì kan wà tí ojú lásán kò lè yà. 9N210 àti 9N235, tí rọ́kẹ́ẹ̀tì Uragan ń gbé ní ọgbọ̀n ọgbọ̀n, jọ ara wọn délẹ̀ níta. Inú wọn ló yàtọ̀: àfọ́kù irin inú 9N210 jẹ́ ìwọ̀n kan, ti 9N235 sì jẹ́ ìwọ̀n méjì. Bí lẹ́tà ara rẹ̀ bá ti pa rẹ́, ẹni tó jẹ́ olóòótọ́ á sọ pé ọ̀kan nínú méjèèjì ni, á sì dúró síbẹ̀. Ìdí rèé tí àwọn amòye kì í fi í wo ọmọ nìkan. Wọ́n ń wá ìyá. Ìlàjì àgbá tó là, ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó dúró ṣánṣán nínú ilẹ̀, àwọn pátákó tí wọ́n fi ń ya ọmọ sọ́tọ̀ nínú àgbá, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ́rìí.

Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ló tú àṣírí Syria. Ní ọdún 2012, Eliot Higgins, ọkùnrin kan ní ìlú Leicester tí kò gba ẹ̀kọ́ ológun rárá, ń jókòó nílé rẹ̀ wo fídíò tí àwọn ará Syria ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù keje ọdún náà, ọ̀kan nínú wọn jáde láti ẹ̀gbẹ́ ìlú Hama. Nínú rẹ̀ ni àgbá RBK-250 wà pẹ̀lú ọmọ AO-1SCh lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, Human Rights Watch, sì fi í léde. Ìjọba Syria sẹ́ pé àwọn kò ní irú rẹ̀. Ìrù, ìyẹ́ àti bí ara rẹ̀ ṣe tín-ín-rín lẹ́yìn ti sọ tẹnu wọn. AO-1SCh yìí náà ni ọmọ ogun Líbíà lò ní Chad ní nǹkan bí ọdún 1986 sí 1987, lásìkò tí bàálù ilẹ̀ Faransé náà da bọ́ǹbù ọlọ́mọ sórí pápákọ̀ òfurufú Líbíà ní Wadi Doum.

Chad ti mú wa sún mọ́lé. Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn sí i. Ní ọdún 1997, Sierra Leone sọ pé bàálù Nàìjíríà tó wà lábẹ́ ECOMOG, ikọ̀ ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, da Beluga sórí ìlú Kenema. Ọ̀gágun Victor Malu tó ń darí ECOMOG sẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, iléeṣẹ́ ológun Nàìjíríà fi àwòrán léde láti kìlọ̀ fún aráàlú nípa bọ́ǹbù kéékèèké tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Boko Haram ní Ìpínlẹ̀ Adamawa. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wo àwòrán náà, wọ́n rí ọmọ Beluga ti ilẹ̀ Faransé. Èyí ló yẹ kí ó mú wa dúró wò ó. Ọmọ bọ́ǹbù lè kúrò lára ìyá rẹ̀, kí ó kúrò lábẹ́ bàálù, kí ó di ohun tí ẹnì kan gbé sínú àpò láti ìlú kan lọ sí òmíràn. Bí a bá rí i níbi tí bàálù kankan kò dé rí, ìyẹn kò ní kí ó má jẹ́ òun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan Savalou àti Bantè gan-an nìyí. Irin àlòkù kì í sọ ibi tó ti wá. Ẹni tó ń fi ọmọlanke ra irin láti ilé dé ilé ń tà á fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ń kó o sínú ọkọ̀ ẹrù, ọkọ̀ ẹrù ń gba títì wa kọjá. Àwọn tó ń da ìkòkò alumíníọ̀mù ń yọ́ ohunkóhun tó bá ti funfun, tó sì fúyẹ́. Ní Laos, abúlé kan wà tó ń jẹ́ Ban Napia, tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi alumíníọ̀mù àjẹkù ogun rọ ṣíbí tà. Ní orílẹ̀-èdè kan náà, wíwá irin kiri pẹ̀lú ẹ̀rọ awárin ti pa ọ̀pọ̀ tálákà. Ojú tí a fi ń wá kaṣú nílẹ̀ láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin kò yàtọ̀ sí ojú tí a fi ń wá irin: ohun kékeré tó bá yàtọ̀ sí ewé, ọwọ́ ti lọ mú un. Bí ọmọ kan bá gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dé ilé alágbẹ̀dẹ, tó ní, “Bàbá, ẹ wo ohun tí mo rí,” ìbéèrè nípa owó rẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kó jáde lẹ́nu alágbẹ̀dẹ. Ó yẹ kó ní kí ọmọ náà rọra gbé e kalẹ̀ níta, kí ó má jù ú, kí gbogbo ilé sì jáde kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó bá rí i lóko ní iṣẹ́ tó kéré sí ìyẹn. Kí ó dúró, kí ó wo ilẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, torí ọmọ bọ́ǹbù kì í sábà dá nìkan wà. Kí ó fi ipa ẹsẹ̀ tó gbà wá padà. Níbi tí kò ti léwu mọ́ ni kí ó fi òkúta tàbí igi ṣe àmì sí, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan náà. Kí ó má fi fóònù pè níbẹ̀, kí ó rìn jìnnà kó tó pe olórí abúlé tàbí Police Républicaine, àwọn tó rọ́pò ọlọ́pàá àti jàndámù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018. Nígbà tí wọ́n bá bi í léèrè, gbogbo àlàyé òkè yìí ni yóò wúlò: ṣé ó ṣe róbótó ni àbí gbọọrọ, ṣé ó ní ìrù, ríbọ́ọ̀nù tàbí aṣọ, ṣé ó tóbi ju ìkúùkù lọ, mélòó ni ojú rẹ̀ ká, ṣé irin ńlá kan tó là wà nítòsí, ṣé ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn án. Kò sí èyí tó nílò kí ó padà lọ wò ó.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà máa dé ọwọ́ wọn kò jìnnà sí wa. Ouidah ni CPADD wà, ilé ẹ̀kọ́ tí Bẹ̀nẹ̀ àti ilẹ̀ Faransé jọ gbé kalẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ ogun láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti ń kọ́ títú ohun ìjà tí ogun fi sílẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, wọn kì í sábà gbé ọmọ bọ́ǹbù kúrò níbi tó wà. Wọ́n á kó ènìyàn àti ẹran jìnnà, wọ́n á fi ohun abúgbàmù tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láì fọwọ́ kàn án, wọ́n á sì ti òkèèrè bú méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ta okùn sórí ilẹ̀ náà, wọ́n á máa fi ẹ̀rọ wò ó láti ìlà dé ìlà. Bí wọ́n bá rí òmíràn, wọ́n á ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n tuntun. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, wọn kì í ká okùn títí wọ́n á fi wo mítà 50 kọjá èyí tí wọ́n rí kẹ́yìn, tí wọn kò sì rí nǹkan kan mọ́.